Irin Tó Gùn Tó Ẹsẹ̀ Tábìlì

Ọkọ mi kò mọ ìjókòó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà níṣẹ́ káfíńtà nílé ìwé, ìdúró ló fi kọ́ wọn. Ìdúró ló fi ń jẹun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ló ń wà, kí ó lè tètè jáde. "Ṣé ẹ ò lè jókòó ni?" Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó ra léètì, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí èèyàn lè gbẹ́ ẹ róbótó, ó gbé e sí gáréèjì wa.

Ní oṣù kejì, ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà Ìjàgbò, ẹsẹ̀ ọ̀tún dá. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí kò bá gbọ́, wọn yóò tún un ṣẹ́ kí wọ́n tó lè tò ó dáadáa. Ọjọ́ kẹwàá ni mo gbọ́ ìró léètì.

Mo gbé àga gíga fún un. Ó jókòó lóòótọ́, àmọ́ irin tó ń gbé ọ̀bẹ ìgbẹ́gi lé kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Bó bá ti gbẹ́ ibì kan tán, á dìde, á tú irin náà, á sún un síwájú, á tún un dè. Orí ẹsẹ̀ tó dá yẹn náà ló ń dúró lé. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé, mo jí irin náà sínú báàgì, mo gbé e lọ bá Taofeek, wẹ́dà tó wà lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé. Mo ní kó ṣe òmíràn tó gùn tó ẹsẹ̀ tábìlì.

"Irin náà á gba ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ nìyẹn, Mummy, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n," ó ní. "Ẹ padà wá lọ́la."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi, Bàbá Fikáyọ̀, ti tú gbogbo ẹrù. Ó fi ọ̀pá méjì wọ yàrá, ó wọ kíṣìnì, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá wò.

"Níbo lo gbé irin mi sí?"

Mo dé ìkòkò ọbẹ̀ padà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ti Taofeek lè má ṣe é lò, kí ó sì máa dìde títí ẹsẹ̀ yẹn á fi bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé irin gígùn náà lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wò mí. Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí ìgbà tí yóò dìde. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo lọ sí kíṣìnì, mo padà. Ó ti mú èkejì. Mo lọ, mo tún padà, mo yọjú lójú fèrèsé, mo tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ó pa ẹ̀rọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti àpótí ìjókòó kékeré kan sọ́dọ̀ mi.

"Ìyá Fikáyọ̀," ó ní, "ṣé o ò lè jókòó ni?"