Bí Màámi Ṣe Lọ Fún Wọn ní Ẹ̀jẹ̀ ní Yábà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí èmi àti Màámi fi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, tó ń gbé ní Sùúrùlérè, ló ní ká wá. Àìsàn kan ń ṣe é: ìgbà mìíràn, ayọ̀ á gbé e débi pé kò ní sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ìgbà mìíràn, á kọjú sí ògiri, kò ní jẹun, kò ní fọhùn. Oògùn ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ àwọn olùwádìí kan ní Yábà ń wá bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ àti tèmi.

A kọjá Ìbàdàn. Mo ra búrẹ́dì àti àkàrà ní Ògèrè. Màámi ò fọwọ́ kàn án.

"Àwọn ẹbí bàbá yín ní ọ̀dọ̀ mi ni àìsàn yìí ti wá," ó ní. "Bí àwọn ará Yábà bá wá rí i pé lóòótọ́ ni ńkọ́?"

Mo di búrẹ́dì náà padà sínú ọ̀rá.

Ẹ̀wà àgànyìn ni Káyọ̀dé fi gbà wá lálejò, ẹ̀wà tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí ata rẹ̀ dúdú bí èédú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Yábà. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amóhuntutù ńlá ńlá ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n máa ń sọ nílé pé ọmọ Èkó kì í kúnlẹ̀. Dókítà Fúnmiláyọ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ìwádìí náà, kúnlẹ̀ kí Màámi. Ó ya ìdílé wa sórí ìwé fífẹ̀ kan, àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kun àmì Káyọ̀dé tó ń ṣàìsàn dúdú.

"Mà, ṣé irú rẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn rí nínú ìdílé yín?"

Màámi dáhùn: "Àbúrò mi, Àṣàkẹ́. A ní ibà ló pa á. Irọ́ ni. Kò jẹun mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́, títí ó fi lọ."

Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi.

"Màámi, ẹ ò sọ fún wa!" Káyọ̀dé ní.

"Ta ni ì bá fẹ́ àwa yòókù ká ní a sọ?"

Òótọ́ ni. Nílé wa, kí ìgbéyàwó tó wáyé, wọ́n á wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé, kí wọ́n lè sá. Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè ní Yábà, kí wọ́n lè rí ìwòsàn.

Dókítà di ọwọ́ Màámi mú. "Kì í ṣe ẹ̀bi yín, mà. Jíìnì là ń wá, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tí ọmọ ń jogún lára òbí. Wọ́n pọ̀, wọ́n sì lè wá láti ìhà bàbá àti ìyá. A ò tíì mọ gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń wádìí; tiwa ṣọ̀wọ́n."

Màámi ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Gbà á, ọmọ mi."

Nígbà tí a padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti jókòó dè wá. "Kí ni wọ́n rí?"

"Wọn ò tíì rí nǹkan, ìyá ọkọ mi," Màámi dáhùn. "Wọ́n ní ìhà méjèèjì ló ti lè wá. Wọ́n ń retí ẹ̀jẹ̀ tiyín náà."

Ìyá yẹn gbé gèlè rẹ̀, ó lọ.

Mo lọ torí àìsàn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mú ìtàn ẹbí kan tí mi ò mọ̀ rí bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Màámi sọ fún mi pé Àṣàkẹ́ mọ irun ún dì ju gbogbo ọmọge àdúgbò wọn lọ, àti pé èmi ni mo jọ ọ́ jù.