Aládùúgbò tó ń kí mi nínú igbó

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti dàrú.

Ọkọ mi háyà mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì nínú, a lọ fi sùn nínú igbó Epping, nílùú òyìnbó níbí. Láàárọ̀ yìí, mo ń pọnmi níbẹ̀, ni òyìnbó kan tóun náà wá sùn níbẹ̀ bá pariwo: "Morning, neighbour!"

Mo wojú ẹ̀ dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni tí ilé wa fara kọ́ra ní Upney ni! Láti ọjọ́ tá a ti kó débẹ̀, kò kí mi rí.

Ó po tíì fún mi, ó fi ẹyẹ hàn mí lórí igi, ó béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi. Èmi náà di àkàrà gbígbóná sínú kúlà fún un.

A délé nírọ̀lẹ́, mo rí i tó ń gbé bíìnì ìdọ̀tí jáde. Mo juwọ́: "Hello, neighbour!"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Háà! Kí ni mo ṣe?

Kúlà mi ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ o. Ṣé kí n lọ kanlẹ̀kùn gbà á ni, àbí kí n dúró dìgbà tá a bá tún pa dà sínú igbó?