Búrọ́ọ̀ṣì Kékeré Bàbá Ọkọ Mi

Òórùn ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ilé ọkọ mi ní Èjìgbò, kí n tó mọ ojú àwọn ará ilé tán. Bí ọyẹ́ bá ń mú láàárọ̀ Jímọ̀, tí kálukú ṣì ń wé aṣọ mọ́ra, òórùn náà á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi nídìí àdògán: ọṣẹ funfun, omi gbígbóná nínú abọ́ tánńganran, àti èéfín igi tí mo fi se omi náà. Èmi ni mo máa ń gbé omi lọ fún bàbá ọkọ mi. Màá gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá sì jáde kíá, nítorí Bàbá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ti àwọn bí wọ́n bá ń fá irùngbọ̀n.

Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa Bàbá lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní Àbíjàn ti ń gba apá ọ̀tún kí a tó bí ẹni tó pàṣẹ ọ̀hún. Àbíjàn ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ, àwọn àti ìyàwó wọn, ìyẹn ìyá ọkọ mi, tí í ṣe aránṣọ. Ìyá kú sọ́hùn-ún kí ọkọ mi tó mọ̀ mí, n kò fojú kàn wọ́n rí. Kò pẹ́ sí i ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá, tí wọ́n gbé wọn wálé. Ẹsẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò yé gbọ̀n, ìka mẹ́ta péré ló sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ọkọ mi padà sídìí ọjà ní Àbíjàn, èmi dúró sílé láti tọ́jú Bàbá, mo sì ń fi ẹ̀rọ tí Ìyá fi sílẹ̀ ránṣọ.

Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá láàyè ara rẹ̀ rí wá di ẹni tí à ń bá so okùn ṣòkòtò. Àwa la ń bá wọn gé ẹran, àwa la ń bá wọn di bàtà. Wọ́n ń fi ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n. Irùngbọ̀n àárọ̀ Jímọ̀ nìkan ni wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn dá sí. Ọwọ́ òsì ti kọ́ bí a ti ń lo abẹ, ó sì ń ṣe é dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pa ọṣẹ sójú ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún. Òun ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù tí ọwọ́ yẹn ń ṣe láyé.

Mo yọjú wò wọ́n níbi aṣọ ojú ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Búrọ́ọ̀ṣì náà kéré débi pé ìka mẹ́ta yẹn bò ó mọ́lẹ̀. Irun rẹ̀ dúdú, ó le, ó kuru. Bàbá á rọra fi po ọṣẹ nínú àwo kékeré, wọ́n á fi yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ká, wọ́n á wá fi ṣóńṣó rẹ̀ tọ ojú ìlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àbàjà mẹ́rin lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, títí ọṣẹ á fi wọ ibi tí irun ń sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá fá a tán, wọ́n á nu ojú, wọ́n á ní, "Fùàlà!" bí àwọn ará Àbíjàn ṣe máa ń wí bí iṣẹ́ bá parí tó sì dára. Ọjọ́ Jímọ̀ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n wí i.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ará ìlú wa kan ń bọ̀ láti Àbíjàn, ọkọ mi sì fi búrọ́ọ̀ṣì tuntun rán an sí Bàbá. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ni, ọwọ́ rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ funfun, ó pọ̀ bí òwú tó là. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo rà á. Bàbá ṣàdúrà fún ọmọ wọn títí, wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì náà kọ́ sára ògiri. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ti kékeré ni wọ́n lò. Jímọ̀ kejì, ti kékeré náà ni. N kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, ẹ ò lo ti ọmọ yín?"

"Ó dára púpọ̀, ìyàwó wa," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ó tóbi ju ojú mi lọ. Yóò fún imú lọ́ṣẹ, yóò fún ẹnu lọ́ṣẹ, kò sì ní dé inú ìlà. Kékeré yìí mọ ọ̀nà."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ẹ bá mi rántí bí ìyàwó tuntun ṣe máa ń rí: ohun tí ọkọ rẹ̀ bá fi ránṣẹ́, ó fẹ́ kí gbogbo ayé máa lò ó.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀dọ́ Ààfáà kan wá ṣe wáàsí fún àwa obìnrin lẹ́yìn ìrun Làásárì. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó, ó bá kan búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí á ṣọ́ra o, pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe òmíràn nínú wọn. Obìnrin kan bi í pé báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bó bá ti dúdú tó sì le, ẹ yàgò fún un." Ojú Bàbá ni mo rí, ẹni tí ń fi nǹkan dúdú líle yẹn pa ojú láàárọ̀ Jímọ̀, tí wọ́n á sì fi ojú kan náà kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Ó yẹ kí n bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kúnlẹ̀ síwájú bàbá ọkọ rẹ̀ kó ní irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ojú láti ọjọ́ yìí? Mo rò pé ìtìjú ni mò ń bò fún wọn. Kí n má purọ́, mo tún rò ó pé bí kékeré bá lọ, ti ọkọ mi á ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tí Bàbá jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì náà, mo fi bébà wé e, mo sì sọ ọ́ sí ṣáláńgá.

Ní Jímọ̀, mo gbé omi wọlé, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá ṣí àpótí aṣọ wọn, tí wọ́n pa á dé, tí wọ́n tún ṣí i. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ẹní sókè. Mò ń dúró kí wọ́n pè mí, kí wọ́n béèrè, kí n lè wí tẹnu mi. Wọn kò béèrè. Bí bàbá ọkọ bá bi ìyàwó ilé léèrè ohun tó sọnù, bí ẹní pè é lólè ló ń rí, Bàbá kò sì jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi láé. Ohun tí wọ́n wí nìyí: "Ìyàwó wa, wá gbé omi rẹ. Mo fẹ́ dá irùngbọ̀n sí."

Èmi ń bo ìtìjú fún wọn, àwọn náà ń bo ìtìjú fún mi. Ọ̀wọ̀ pọ̀ nínú ilé wa nígbà náà ju ohun tó dára fún wa lọ.

Irùngbọ̀n funfun hù. Àwọn èèyàn ń kí Bàbá pé ó yẹ wọ́n, pé súnà Ànábì ni. Ọ̀dọ́ Ààfáà yẹn gan-an kí wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé oúnjẹ fún wọn rí i pé wọn kì í wí "Fùàlà" mọ́, àti pé inú àpò agbádá ni wọ́n ń tọ́jú ọwọ́ ọ̀tún sí látàárọ̀ dalẹ́.

Báyìí ni Iléyá dé. Láti ọjọ́ mẹ́wàá sí i ni ẹni tó ní àgbò kì í ti í fá irun títí a ó fi pa ẹran, ojú wọn wá kún fọ́fọ́. Àgbò tí àbúrò Bàbá rà wá láti Ìsúndúnrìn funfun lára, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ dúdú. A ti Yídì dé, wọ́n pa á, àwọn àbúrò ọkọ mi gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń kó igi jọ láti fi iná wí irun ara rẹ̀. Bàbá bá pè mí. Wọ́n ní kí n gbé omi gbígbóná wá.

Mo gbé e wọlé, mo sì dúró sẹ́yìn aṣọ ojú ilẹ̀kùn. Bàbá na ọwọ́ sí ògiri, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá. Wọ́n rì í sómi, ó jábọ́. Wọ́n tún mú un, wọ́n gbé e dé àgbọ̀n, ó jábọ́ sára agbádá ọdún, ọṣẹ dà síbẹ̀. Nígbà kẹta, ìka mẹ́ta yẹn kò tilẹ̀ lè gbé e nílẹ̀. Bàbá jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún náà. Wọ́n wá fi ọwọ́ òsì gbé e sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

N kò mọ ìgbà tí mo wọlé. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bá ara mi, tí mò ń sunkún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: wáàsí, ẹlẹ́dẹ̀, ṣáláńgá.

"Ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?" ni Bàbá wí. "Irun ọrùn àgbò ni. Iléyá àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyá ọkọ rẹ rówó pa àgbò l'Ábíjàn. Òun ló gé irun náà, òun ló fi òwú dì í, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú igi tí wọ́n ń ká òwú rírán mọ́. Ó ní ojú mi kéré, nǹkan kékeré ló yẹ ẹ́."

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹni tí n kò rí rí, ẹni tí mò ń lo ẹ̀rọ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo sọ sínú ìgbọ̀nsẹ̀. Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ tí iná ń ta pàrà lẹ́yìnkùlé.

Mo fò dìde láìgbàṣẹ. Mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, gèlè jábọ́ lórí mi. Wọ́n ti gbé ẹran sókè, ó ku díẹ̀ kó kan iná.

"Ẹ dúró! Ọkọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì wí i!"

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé ẹran náà jí ni?"

Síṣọ́ọ̀sì ìránṣọ mi wà lápò, mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo sì gé irun dúdú ọrùn àgbò náà, ẹ̀kúnwọ́ kan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún náà fi parí, wọ́n ní ìyàwó Àbíjàn ti di onígbàjámọ̀ àgbò.

Nígbà tí mo mú irun náà wọlé, Bàbá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, kí n lè ráyè jókòó. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sá a sínú ọyẹ́. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ Ìyá, mo rí igi òwú kan tó ti tán, ó ṣì ní fọ́nrán òwú búlúù kan lára. Bàbá ń sọ bí ìyàwó wọn ṣe dì í, èmi ń dì í: kí ìdí irun dọ́gba, kí òwú yí i ká lẹ́ẹ̀méje, kí a fi gọ́ọ̀mù àwọn tí ń ṣe bàtà lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò igi òwú náà. Bí mo bá fẹ́ kánjú, wọ́n á ní, "Dúsúmáàn, rọra, òun náà kò kánjú." Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi fún mi, bí Ìyá ṣe máa ń fi eyín já òwú, bí wọ́n ṣe máa ń kọrin tí ohùn wọn kì í bá a mu. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é.

Ní Jímọ̀, mo gbé omi sílẹ̀, mo fẹ́ jáde. Bàbá ní, "Má lọ." Ìka mẹ́ta bo búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́lẹ̀. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó po ọṣẹ, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ inú ìlà kìíní, ó wọ ìkejì. Fọ́nrán irun méjì já sí wọn lágbọ̀n, a jọ rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, mo retí "Fùàlà." Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì náà yẹ̀ wò nínú oòrùn fèrèsé, wọ́n ní, "Ọwọ́ yín bára mu, ìwọ àti ìyá rẹ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mo ní ìyá ọkọ.

Ọdún mẹ́ta sí i ni Bàbá fi lò ó, wọ́n sì lò ó ní Jímọ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé; lẹ́yìn wọn, mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ Ìyá. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ti ṣìnà nítorí pé mo ka àìbéèrè sí ìwà pẹ̀lẹ́. Látìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láàárín èmi àti ẹni tí mo fẹ́ràn, màá kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n màá béèrè.

Ọkọ mi ti wá sílé pátápátá báyìí, orí rẹ̀ ti funfun. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, mo gbọ́ tí nǹkan jábọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń fá irùngbọ̀n. Ó jábọ́ lẹ́ẹ̀kejì. N kò dúró kó tó ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo lọ bá a, mo bi í bóyá ọwọ́ ló ń dùn ún. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì òun ti ń wúwo jù.

Mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ Ìyá.