Àrọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Padà Sómi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá kó àlejò lọ pẹja, a ò tíì kúrò níwájú hòtẹ́ẹ̀lì ní Newtown tí ìjà fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí móínmóín. Mo ṣílẹ̀kùn kúmbì, ọkùnrin òyìnbó kan wọlé, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kí ló ń rùn báyìí?" Kò sí ohun tó ń rùn. Móínmóín ìyá àgbà kan ló ń ta sánsán láti inú kúlà tó gbé sẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn, sáàárín ẹrù. Mo gbé e sẹ́yìn.

Kúmbì ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀sì kékeré níhìn-ín. Gáìdì sì ni ẹni tó ń mú àlejò kiri ìlú, tó ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn, tó ń ṣọ́ wọn, tó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí nǹkan kan ò pa á lẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí.

Mojísọ́lá lorúkọ mi, Mojí ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, níbi tí ẹja ti pọ̀ ju ẹran lọ nínú ọbẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí Johannesburg, mo tẹ̀ lé e, a gba ilé sí Mayfair. Mo ta wíìgì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà náà ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ kékeré kan ní Newtown gbà mí pé kí n máa lọ gbé àlejò wá láti pápákọ̀ òfuurufú. Awakọ̀ ni mí nígbà náà. Màá dúró pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni sí, màá gbé e dé hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí ọkàn mi fẹ́ ni iṣẹ́ gáìdì. Mo kàwé rẹ̀, mo yege, wọ́n fún mi ní báàjì, síbẹ̀ pátákó ò kúrò lọ́wọ́ mi.

Lerato ló ni iléeṣẹ́ náà. Ọmọ Soweto ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Ó máa ń sọ fún mi pé àwọn àlejò ń fẹ́ ọmọ ibí tí yóò fi ìlú hàn wọ́n. N kì í bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ò ṣe é bá jà. Nígbà tí gáìdì tó máa ń kó èèyàn lọ pẹja ní ìdídò Vaal fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ó pè mí.

"Mojí, ìwọ ni wàá lọ. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ná. Èèyàn mẹ́rin péré ni, màá sì pe gbogbo wọn fúnra mi nírọ̀lẹ́ láti bi wọ́n bó ṣe rí. Tí wọ́n bá ráhùn, o padà sí pápákọ̀. Shap?"

"Shap, mà," ni mo wí. Bí wọ́n ṣe ń sọ "ó dáa" níhìn-ín nìyẹn.

Ó tún ní, "Àlejò tó bá ń kanra, ebi ló ń pa á tàbí ẹ̀rù ló ń bà á. Wádìí èyí tó jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́ nínú ọ́fíìsì. Ó yàtọ̀ nígbà tí ẹni tó ń kanra bá jókòó sẹ́yìn ọrùn rẹ.

Àwọn mẹ́rin náà nìyí. Bàbá àti Màmá Adélékè wá láti Iléṣà láti kí ọmọ wọn, Fúnmi, tó jẹ́ dókítà níhìn-ín. Fúnmi ló sanwó ìrìn náà, torí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ẹja pípa. Tìṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Àwọn méjì yòókù jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Greg ni ẹ̀gbọ́n, Colin tó ní nǹkan ń rùn sì ni àbúrò. Bí wọ́n ṣe wọlé, Màmá tó ni móínmóín kí wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi." Wọn ò dáhùn. Colin ki nǹkan sétí, ó yíjú sí fèrèsé.

Bàbá fi Yorùbá bi mí léèrè. "Mojí, ṣé àwọn ọmọ yìí ò gbọ́ ìkíni ni?"

"Wọ́n gbọ́, Bàbá. Oorun ló ń kùn wọ́n."

"Oorun? Pẹ̀lú bójú wọn ṣe là yẹn?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Bàbá Fúnmi," ni Màmá sọ. "Ẹja la wá pa."

Ní gbogbo róbọ́ọ̀tì tí iná pupa ti dá wa dúró, mo ń rí Greg nínú díńgí, ó ń yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ó wà ní títì. N kò fi ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo dúró ra epo, mo ní kí wọ́n ra oúnjẹ dání, torí ọlọ́kọ̀ ojú omi tí a ń lọ bá kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ẹja kápù lọ. Greg ní òun ti ń pẹja kí wọ́n tó bí mi, ohun tí àwọn bá pa ni àwọn máa sun jẹ. Bíà àti bisikíìtì ni wọ́n rà. Mo ní kò burú, mo wa ọkọ̀ mi lọ.

Thabo ni ọlọ́kọ̀ náà. Kí a tó kúrò létí omi, ó ka òfin rẹ̀ fún wa: kápù, tó jẹ́ ẹja tí àwọn tó ń pẹja fún ìgbádùn ń tìtorí rẹ̀ wá, ẹ fà á jáde, ẹ bá a ya fọ́tò, ẹ dá a padà sómi. Greg kùn. Bàbá ní tirẹ̀ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ká pa ẹja, ká kí i, ká dá a padà? Ṣé àbẹ̀wò la wá ṣe sí i ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọkọ̀ mú. Inú Bàbá dùn pé ọ̀rọ̀ òun dùn, ó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn odò tó ti ń pẹja ní kékeré. Colin yíjú sí mi, ó ní kí n sọ fún bàbá yẹn kó panu mọ́, ó ń lé ẹja àwọn. Mo bẹ Bàbá kó rọra sọ ọ́. Ó rọra sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó wà lódìkejì odò á gbọ́ ọ. Colin ń pòṣé, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ọ̀pá Greg tẹ̀ kọrọdọ. Ó fà á, ó sinmi, ó tún fà á, òógùn bò ó. Ohun tó jáde jẹ́ àrọ̀ ńlá kan, dúdú, orí pẹrẹsẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì. Bàbá àti Màmá dìde lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ọkọ̀ fì. "Àrọ̀!" ni Màmá wí, ó pàtẹ́wọ́. Èmi náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́, itọ́ ti kún mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Greg fajú ro. Ó ní ẹja inú ẹrẹ̀ lásán ni, ó ní kí Thabo gé okùn kó sọ ọ́ padà sómi. Thabo náà ò rí i bí ẹja gidi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibí kì í jẹ ẹ́.

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fún mi."

Colin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fún un. Kò sí ohun tí àwọn èèyàn yìí kì í jẹ."

Bàbá gbọ́ ọ. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọléèwé títí irun rẹ̀ fi funfun, ṣé kò ní gbọ́ ìyẹn? Ọwọ́ tó nà dúró lókè. Mo rí ojú Màmá, ara mi gbóná. Mo rántí ìpè Lerato nírọ̀lẹ́. Mo rántí pátákó, mo rántí ibi tí mo máa ń dúró sí ní pápákọ̀. Ìbínú ò da nǹkan fún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí ju bàbá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí, inú ọkọ̀ tí mo mú un wọ̀ ni wọ́n sì ti bú u. Mo dìde.

"Ọ̀gbẹ́ni Colin, ẹ ò ní bá bàbá yìí sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Tí ẹ bá tún sọ ọ́, màá ní kí Thabo yí ọkọ̀ padà, ìpẹja tòní parí nìyẹn."

Greg ló dá mi lóhùn. "Ṣé o mọ̀ pé a máa sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Mo mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ á pè yín."

Mo jókòó. Bàbá gba àrọ̀ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Greg bí ẹni pé ọ̀rọ̀ burúkú kankan ò wáyé.

Ọ̀sán la padà sétí omi. Thabo dáná èédú, Màmá sì gba ìdí ìkòkò. Ó da iyọ̀ sí àrọ̀ lára, ó fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ yíyọ̀, ó gé e, ó da ata gígún àti ewé ẹfinrin gbígbẹ tó gbé wá láti Iléṣà sí i. Pẹ́pẹ́súùpù ni. Òórùn náà gba etí omi kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jókòó lókèèrè, bisikíìtì wọn ti tán, bíà nìkan ló kù. Bí Bàbá ṣe gbé abọ́ rẹ̀, tí orí àrọ̀ wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ni àwọn méjèèjì ń kọjá lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi. Bàbá gbójú sókè, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Ẹ wá jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Yorùbá kì í jẹun lójú ẹni tó ń kọjá kó má pè é. Ẹni tí a pè náà mọ iṣẹ́ tirẹ̀: á ní "á gba ibi ire," á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí gbogbo ẹni tí a pè bá ń jókòó, ìkòkò wo ló máa tó? Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti kọ́ Greg àti Colin? Wọ́n dúró. Wọ́n wo ara wọn. Greg jókòó sórí korobá, Colin jókòó sórí kúlà tó ní ó ń rùn.

Màmá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. "Bàbá Fúnmi, wọ́n jókòó o."

"Mo rí wọn."

"Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n."

"Ẹnu àṣà ni mo fi pè wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n."

"Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Bù ú fún wọn. Ẹni tí a ti pè, a ò lè ní a ò pè é mọ́."

Màmá bu ọbẹ̀ fún wọn. Mo ń wò ó bóyá egungun ló máa fún wọn. Rárá, ibi tó lẹ́ran jù ló fún wọn, torí obìnrin yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ bínú. Greg bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi dà lójú rẹ̀, ikọ́ gbé e. Màmá ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Colin fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bu tirẹ̀, ohun tó bá ojú bá imú. Thabo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí ò dúró.

Greg bi Bàbá pé, "Ẹja wo nìyí?"

"Tìrẹ ni. Èyí tó o fún mi."

Greg wo inú abọ́. Ó ní, "Ó dùn." Colin gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ohun tí mo sọ nínú ọkọ̀ ò dára. Ẹ má bínú. Kí a tó kúrò nílé, gbogbo èèyàn ló ń dẹ́rù bà wá nípa ìlú yìí. Wọ́n ní ká má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí a ti dé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè wá jẹun."

"Ó ti tán," ni Bàbá dá a lóhùn. "Jẹun, kó tó tutù. Móínmóín wà nínú ohun tó o jókòó lé."

Títí dòní, bí mo bá kó èèyàn lọ sí Vaal, n kì í jẹ́ kí oníkálukú di oúnjẹ tirẹ̀. Ìkòkò kan la máa ń gbé kaná. Mo ti kọ́ àwọn gáìdì tuntun mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti mọ àrọ̀ sè jù mí lọ.

Ní ọ̀sán yẹn, a padà sórí omi. Greg kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ rẹ̀ jìnnà, Bàbá fa kápù kan jáde, ó bá a ya fọ́tò, ó ní kó kí ilé, ó dá a padà. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n àti Greg àti Colin, kò sẹ́ni tó bá èmi sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, Greg bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọlé. Mo lọ sí ọ́fíìsì, mo jókòó síta, mo ń gbọ́ ohùn Lerato lórí fóònù, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó jáde. "Greg ní o halẹ̀ mọ́ àwọn pé wàá dá ọkọ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Kí lo sọ gan-an?"

Mo tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó fọwọ́ lérán.

"Eish, Mojí. Ó ní kí n má bá ọ wí, àwọn ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ni mo kọ́kọ́ pè. Mo bi í bóyá gáìdì mọ iṣẹ́. Ó ní ọmọ òun wà níbẹ̀, nítorí náà ara tu òun. Mo ní gáìdì ni mò ń béèrè, kì í ṣe ọmọ wọn. Ó ní òun gbọ́ mi, gáìdì yẹn náà ni ọmọ òun."

Mo na kọ́kọ́rọ́ kúmbì sí i, torí awakọ̀ kì í gbé ọkọ̀ sùn. Gáìdì nìkan ló ń gbé e lọ sílé. Lerato ò gbà á. Ó ní Soweto ni lọ́la, èèyàn mẹ́jọ ni, kí n má pẹ́.

Nígbà tí mo dé Mayfair, n kò mọ ibi tí màá páàkì sí, torí a ò ní ọkọ̀ rí. Ọkọ mi gbọ́ ìró, ó jáde sẹ́nu ọ̀nà. Kò bi mí bí ọjọ́ ṣe rí. Ó wo kúmbì, ó wò mí, ó sì bọ́ sójú títì láti júwe ibi tí màá gbé e sí fún mi. Nígbà tí mo paná ọkọ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, gáìdì."