Ẹni Tó Ń Bá Ìyá Aránṣọ Fi Òwú Bọ Abẹ́rẹ́

Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Aránṣọ ti sùn tí kò jí, Onípákó tó kọ́lé ti ilé rẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ojú ìyá ti di bàìbàì, ọwọ́ sì ń gbọ̀n. Láràárọ̀, kí Onípákó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá mi, ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ kó abẹ́rẹ́ yín wá."

"Ọmọ mi, ojú tìrẹ ò ní fọ́."

"Àmín o. Ẹ bá mi tú ìdí ṣòkòtò yìí sí i, ikùn mi ò gbọ́ràn mọ́."

"Ìwọ náà ò gbọ́ràn, ká tó wá kan ikùn!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn èèyàn lè má wọ ilé náà mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ló wà lẹ́yìn ilé àwọn méjèèjì. Abẹ́ igi fúrúùtù kan níbẹ̀ ni ìyá àti ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, lórí bẹ́ǹṣì oní-sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Onípákó kọ́kọ́ gbin òdòdó, ó to pákó ti òdòdó, ó wá na wáyà yí pákó ká. Kí ìyá tó mọ̀, igi àti bẹ́ǹṣì ti wà nínú géètì Onípákó.

"Ẹ máa kan géètì nígbàkígbà, ìyá mi, ẹ wọlé wá jókòó."

Ìyá ò kàn án rí. Ṣé èèyàn á máa tọrọ àyè lórí ohun gbogbo ayé?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin káńsù dé, ó wá béèrè ẹni tó fi wáyà gba ilẹ̀ ọgbà ìjọba. Onípákó ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Abẹ́rẹ́ ìyá ṣì wà lọ́wọ́ Onípákó lójú fèrèsé, òwú ò tíì wọ̀ ọ́.

"Ẹ bi ìyá mi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn làgbà àdúgbò."

Ọkùnrin káńsù yíjú sí ìyá. "Ìyá, ta ló ni ìdí igi yẹn?"

Ìyá wo abẹ́rẹ́ náà títí.

"Ti gbogbo wa ni," ó ní. "Gbangba lèmi àti olóògbé máa ń jókòó sí. Kò sí géètì níbẹ̀."

Onípákó fi abẹ́rẹ́ lé ojú fèrèsé jẹ́jẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn káńsù tú wáyà, ìyá kó aṣọ lọ síbi bẹ́ǹṣì. Ó jókòó sí apá tirẹ̀, ó fi apá kejì sílẹ̀. Onípákó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Ọmọ mi, káàbọ̀ o."

Ó kọjá bí ẹni tí afẹ́fẹ́ kí. Ìyá gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá lá ẹnu òwú, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣẹ́kù sí. Òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó tún un lá.