Sinimá Inú Agbọ̀n Obì

Ní Sábó, Ṣàgámù, kò sí ohun tí wọn kì í fi ewé tutù wé. Bí o bá gbé òṣùpá fún wọn tọ́jú, àárín obì ni wọn yóò tẹ́ ẹ sí, wọn yóò wọ́n omi sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fíìmù aláìlóhùn tí òyìnbó kan ya ní ìsọ̀ obì bàbá Alhájà Wúlẹ̀mọ̀tù láyé àtijọ́: wọ́n wé e sínú agbọ̀n, kó má baà gbẹ.

Nígbà tí Dámisọ́lá, tó ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀ fún wọn ládùúgbò, tú ewé náà, òórùn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìperu. Fíìmù ti bu, ó ti hu irùngbọ̀n.

"Alhájà, obì kọ́ nìyí o! Omi ló ń pa á."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi wà níbẹ̀. Wọn ò tíì bí mi tó fi kú. Ojú ẹ̀ ni kó o bá mi yọ."

Láti ọjọ́ náà, Dámisọ́lá ò mí dáadáa mọ́, kí èémí má baà fọ́ fíìmù náà. Bó bá fẹ́ sín, á sá dé Ògijo. Ó ń fi òwú nu fíìmù díẹ̀díẹ̀, ó ń ya àwòrán inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá fi ìlù òde òní tó ń mi àyà sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá ti yíjú ni ewé lẹ̀ mọ́ jù. Ó rọra ṣí i. Ìdajì ojú bá ewé lọ.

Nígbà tó ṣe é tán, òun, Alhájà àti àwọn ará ilé ti ilẹ̀kùn ilé obì, àwòrán sì tàn sí ara ògiri. Ọkùnrin kan ru agbọ̀n, ó kẹ̀yìn sí wọn.

"Ìlù wo lèyí?" Ṣẹ̀rífù, ọmọ Alhájà, bẹ̀rẹ̀. "Ṣé bàbá àgbà ń ta obì ni, àbí wọ́n ń jó nílé ọtí? Pa á jàre!"

Ìlù gòkè. Dámisọ́lá ò pa á. Ọkùnrin náà yíjú.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Etí gbọọrọ kan. Ìyókù funfun báláú.



"Ìdajì èèyàn lo gbé wá fún màmá mi?" Ṣẹ̀rífù jágbe.

Alhájà dìde, ó rìn lọ síbi ògiri. "Ṣẹ̀rífù, mú etí ẹ wá." Ó fà á mọ́ ògiri, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. "Yéè! Gbogbo ìgbà tí mò ń fa etí yìí pé kì í gbọ́ràn, etí bàbá mi ni mò ń fà!"

"Màmá, ó ń dùn mí o! Kó pa ìlù náà?"

"Bàbá mi ti dákẹ́ kí n tó dáyé. Jẹ́ kó pariwo. Ìwọ Dámisọ́lá, dá a padà, kó tún yíjú."

Dámisọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà tún yíjú.