Bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iná pa iyùn Àlàájà

Ẹ gbọ́, ohun tójú mi rí ní Sábó, ní Ṣàgámù níbí, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́!

Ẹ mọ iyùn tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn, àbí? Èyí tó wà láàyè wà nínú òkun o, ó ń na àwọn ọwọ́ tín-ín-tìn-ín síta jẹun, ó ń dàgbà. Àlàájà kan tó ń ta obì ń sìn ín nínú tanki omi iyọ̀ ní pálọ̀ wọn. Tanki yẹn jìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mù mí dé àyà! Èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ẹ̀. Ta ló kọ́ mi? Fóònù mi ni!

Iyùn nílò ìmọ́lẹ̀ bíi ewéko. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò rí tó, wọ́n ń rọ. Ni mo bá ra gílóòbù ńlá, mo tàn án dé òpin.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná kì í dúró. Tí kò bá sí iná fún ọjọ́ méjì, tó wá dé, mi ò ní pa gílóòbù yẹn rárá, kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n pàdánù gbà. Ṣé kì í ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn? Iná dé, a sáré ki gbogbo nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì!

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iyùn funfun báláú.

Àlàájà pè mí. "Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣé bílíìṣì lo dà sí mi lómi ni?"

Inú bí mi. Mo ní iná ló ń ṣe ségesège, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọjọ́ tó wà dí ọjọ́ tí kò sí.

Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Tí mo bá gbààwẹ̀, tí mo wá fẹ́ ṣínu, ṣé màá jẹ tàárọ̀, tọ̀sán, tirọ̀lẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ikùn mi ò ní bẹ́?"

Wọ́n ní àwọn ń gbé obì lọ sí Kano fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí àwọn bá dé tó ṣì funfun, àwọn á kó gbogbo ẹ̀ dànù, ẹja àrọ̀ ló máa wọbẹ̀. Àrọ̀ kẹ̀! Nínú tanki tí mo fọwọ́ ara mi tò!

Mo fi ìbínú gun ọ̀kadà. Ìdajì ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn tó wọ̀ mí lórí. Mo ní kí ọlọ́kadà yà padà. Ó ní ṣé kò sí o. Mo ní kó ṣáà yà!

Mo sáré wọlé Àlàájà, mo pa gílóòbù yẹn. Lọ́jọ́ kejì, bátìrì tí mo fi ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé, mo gbé e wá. Mo so ó mọ́ gílóòbù, mo fi aago tó ń tàn án tó sì ń pa á fúnra ẹ̀ sí i: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, iná wà o, kò sí o. Mo fi awò sí i, kí ìmọ́lẹ̀ ta lọ sísàlẹ̀ tààrà, kó má fọ́n káàkiri. Mo wá dín agbára ẹ̀ kù gan-an. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Ọwọ́ ń yún mi! Iyùn kan kú, èkejì kú. Mo fẹ́ gbá tanki yẹn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Mi ò yí nǹkan kan padà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí wọn lára.

Ọjọ́ tí Àlàájà dé, wọn ò tíì bọ́ híjáàbù tí wọ́n fi kọjá sídìí tanki. Mo sọ fún wọn pé méjì kú, mi ò purọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, ó ti ń na ọwọ́!"

Wọ́n fa àga wá síwájú tanki. Wọ́n ní kí wọ́n gbé oúnjẹ àwọn wá síbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́? Kì í ṣe iná rẹpẹtẹ ni wọ́n ń fẹ́, iná tó ṣe déédéé ni. Gbogbo agbára mi, ìkánjú ni mo fi ń ṣe é!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìtọ́jú àpọ̀jù pa nǹkan rí? Ewéko ni, ajá ni, adìyẹ ni? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan jàre!